Observation Island: Ọkọ̀ Tó Ta Mísáìlì Kó Tó Di Olùṣọ́ Mísáìlì

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1959, mísáìlì Polaris kan fò sókè láti inú ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́ ikùn ọkọ̀ ojú omi kan, nítòsí etíkun Cape Canaveral ní Florida. Òun ni Polaris àkọ́kọ́ tí wọ́n ta láti orí ọkọ̀ lójú òkun. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Observation Island. Nígbà tó fi máa di ọdún 1982, ọkọ̀ yìí kan náà ti bọ́ sórí òkun Pàsífíìkì, ní ìhà Kamchatka tó wà ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Kò gbé mísáìlì kankan mọ́. Rédà kan tí gíga rẹ̀ ju 40 ẹsẹ̀ bàtà lọ ló gbé sẹ́yìn, òun ló fi ń wo mísáìlì tí ẹlòmíràn ń dán wò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn ọkọ̀ ogun fẹ́ràn apá àkọ́kọ́ ìtàn yìí, nítorí ariwo wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an sì dúró níbẹ̀ láti wòran. Ní tèmi o, apá kejì ni ìtàn gan-an. Iṣẹ́ ìṣọ́ tí ọkọ̀ yìí ṣe ṣe aráyé lóore ju mísáìlì tó ta lọ, nítorí pé láìsí irú ojú bẹ́ẹ̀ lórí òkun, àdéhùn tó dín ohun ìjà núkílíà Amẹ́ríkà àti ti Soviet kù kì bá rí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i.

Wọn kò kan ọkọ̀ náà fún ogun. Ọkọ̀ akẹ́rù ni. Nígbà tí ogun Kòríà bẹ́ sílẹ̀ ní 1950, ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣẹ́kù láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ń falẹ̀ jù, ó sì ní kí wọ́n kan 35 tuntun tó lè sá tó máìlì orí omi 20 ní wákàtí kan. Ẹgbẹ́ Mariner ni wọ́n ń pe àwọn ọkọ̀ náà, oríkì àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi sọ wọ́n lórúkọ. Empire State ni oríkì New York, nítorí náà ni wọ́n ṣe pe èyí tó bọ́ sómi ní Camden, New Jersey, ní 1953 ní Empire State Mariner. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 563 ẹsẹ̀ bàtà. Ikùn rẹ̀ tó gbòòrò, tí wọ́n ṣe fún ẹrù, ló wọ àwọn ọmọ ogun ojú omi lójú, torí ó gba ọ̀pá mísáìlì lóòró láìjẹ́ pé wọ́n wó ọkọ̀ náà palẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ ní Observation Island, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1958. Wọ́n mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú àwọn Mariner, wọ́n sọ ọ́ ní Compass Island, òun ni wọ́n fi dán ẹ̀rọ tí ọkọ̀ abẹ́ omi yóò fi mọ ibi tó wà lókun wò.

Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìṣọ́ mísáìlì nìyẹn, àlòkù ni wọ́n. General Hoyt S. Vandenberg, tó ṣọ́ mísáìlì àti rọ́kẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí ogún ọdún, ọkọ̀ akósójà ni nígbà tó bọ́ sómi ní California ní 1943, General Harry Taylor ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Ó kó sójà lọ sógun, ó kó wọn padà wálé, ó kó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Yúróòpù lọ síbi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí, kó tó wá di ọkọ̀ tó gbé àwo rédà ńlá sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Key West ló wà báyìí; wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì í síbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2009 kí ẹja lè fi ṣe ilé. Mo mẹ́nu bà á kí ó lè yé wa pé kò sẹ́ni tó ka àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sí ohun iyì nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò. Ìyẹn wà lára ìdí tí ìtàn wọn fi wà káàkiri báyìí, tí kò fi sí lójú kan.

Kí ni wọ́n ń fi Observation Island wá ní àwọn ọdún Polaris? Inú ọkọ̀ abẹ́ omi ni Polaris ń lọ, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì gówó lórí, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn lọ fi irú rẹ̀ dán ohun tí kò tíì dá a lójú wò. Lórí Observation Island ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ tì mísáìlì jáde kúrò nínú ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbiná lókè, nígbà tí ọkọ̀ ń mì tìtì lórí ìgbì. Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 1960, tí ọkọ̀ abẹ́ omi George Washington ta Polaris méjì láti abẹ́ omi fún ìgbà àkọ́kọ́, Observation Island wà nítòsí gẹ́gẹ́ bí alátìlẹ́yìn. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kọkànlá, ọdún 1963, Ààrẹ John Kennedy dúró lórí ọkọ̀ náà, ó wo bí Polaris ṣe là omi jáde láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi Andrew Jackson. Ọjọ́ kẹfà sí i ni wọ́n pa á ní Dallas.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ní ìdí láti rántí ọdún yẹn. Ní oṣù Kẹjọ 1963 kan náà, ọkọ̀ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà mìíràn, Kingsport, gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Àlòkù lòun náà, ọkọ̀ akẹ́rù ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì tí wọ́n gbé àwo ńlá kan sórí rẹ̀ kí ó lè máa bá sátẹ́láìtì Syncom 2 sọ̀rọ̀. Láti ipasẹ̀ ọkọ̀ yẹn ni Kennedy ní Washington àti Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa ní Èkó fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì á bára wọn sọ̀rọ̀ láti orí irú sátẹ́láìtì tó ń bá ayé yí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tó fòfin de dídán bọ́ǹbù àtọ́míkì wò nínú afẹ́fẹ́, nínú omi àti ní òfuurufú wà lára ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n: ní oṣù Kìíní 1961, ìjọba Balewa ti lé aṣojú ilẹ̀ Faransé lọ nítorí bọ́ǹbù àtọ́míkì tí Faransé ń dán wò ní aginjù Sàhárà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ohun ìjà jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn alágbára méjì nìkan, kí ó rántí pé afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Observation Island. Ní oṣù Kejìlá 1969, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọ̀pá rẹ̀ ṣe, wọ́n ta Poseidon láti orí rẹ̀. Poseidon ni àbúrò Polaris. Òun ni mísáìlì ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà kó orí olóró púpọ̀ sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè lọ sí ibi tirẹ̀. Orí olóró ni apá tó gbé bọ́ǹbù. Poseidon kan lè gbé mẹ́wàá, ó tilẹ̀ lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni mo gbà pé ìtàn ọkọ̀ náà ti yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá mọ iye mísáìlì ọ̀tá rẹ̀ ti mọ iye bọ́ǹbù tó lè bọ́ lé òun lórí. Láti ìgbà yẹn lọ, mísáìlì kan ṣoṣo nínú ihò rẹ̀ lè jẹ́ bọ́ǹbù kan, ó lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ mẹ́wàá, ẹni tó ń wò láti òkè kò sì lè mọ̀. Observation Island wà lára àwọn tó dá ìṣòro náà sílẹ̀, òun náà ni wọ́n tún wá lò láti fi wá ojútùú sí i.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àìrí máa ń fà. Láàárín 1957 sí 1961, ariwo gba Amẹ́ríkà kan pé Soviet ti fi mísáìlì ta wọ́n yọ. Sputnik, sátẹ́láìtì Soviet, ló dá ìpayà náà sílẹ̀, Khrushchev, olórí Soviet, sì ń fọ́nnu lé e lórí. Kennedy gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí pápá ìpolongo ìbò ní 1960, ó sì wà lára ohun tó gbé e wọlé. Ìgbà tí àwòrán sátẹ́láìtì Corona dé, tí àwọn aṣalámí Amẹ́ríkà jókòó ṣírò ní oṣù Kẹsàn-án 1961, iye mísáìlì ọlọ́nà jíjìn tí wọ́n ní Soviet lè ta nígbà náà kò ju bíi 10 sí 25 lọ. Amẹ́ríkà ló wà níwájú láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n owó ti jáde, ilé iṣẹ́ ti ń rọ mísáìlì, Soviet náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí òun lè bá wọn. Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì síbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ tó ibi yìí. Ẹ̀rù tí ìròyìn dá sílẹ̀ kó orílẹ̀-èdè méjì sínú eré àsápajúdé. Àwòrán díẹ̀ ló tú àṣírí pé kò sí ohun tó ń lé wọn.

Ẹ̀kọ́ yẹn ló bí àdéhùn 1972 lórí iye mísáìlì, tí Nixon àti Brezhnev fọwọ́ sí ní Moscow. Soviet kò gbà kí àjèjì wọ ilẹ̀ òun wá wo mísáìlì. Amẹ́ríkà kò gbà kí òun fọwọ́ sí ohun tí òun kò lè yẹ̀ wò. Ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí ni pé kí oníkálukú lo ohun èlò ìwádìí tirẹ̀, bí oníbàárà tó gbé kọ́ńgò tirẹ̀ lọ sọ́jà, kí ẹnì kejì má sì dí i lọ́wọ́, kí ó má sì mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́ fún un. Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn ju iye mísáìlì tí wọ́n kọ sínú ìwé náà lọ. Ọ̀tá méjì ló gbà níbẹ̀ pé kí olúkúlùkù máa wo ilé ẹnì kejì, kí ó má sì ka ìwò náà sí ìjà.

Sátẹ́láìtì tó ìyẹn fún kíka ihò mísáìlì. Kò tó fún kíka orí olóró. Nítorí náà, nígbà tí Carter àti Brezhnev fọwọ́ sí àdéhùn kejì ní Vienna ní oṣù Kẹfà 1979, ìdánwò ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n: iye orí olóró tó pọ̀ jù tí a rí lórí irú mísáìlì kan nígbà ìdánwò, iye yẹn ni a ó kà sí ọrùn gbogbo irú rẹ̀. SS-18, mísáìlì Soviet tó wúwo jù lọ, di elérí mẹ́wàá báyìí, SS-19 di elérí mẹ́fà. Òfin yìí gún régé lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbi tí ìdánwò náà parí sí, kó lè kà. Lọ́dún 1979 yẹn kan náà, ìyípadà ìjọba ní Iran gba ilé ìtẹ́tísí tí Amẹ́ríkà ní ní àríwá orílẹ̀-èdè náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ibi tó ti máa ń gbọ́ ìròyìn tí mísáìlì Soviet ń fi rédíò ránṣẹ́ sílé bó bá ti gbéra ní Kazakhstan. Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington, ìbéèrè àwọn tó ń tako àdéhùn náà kò ju ẹyọ kan lọ: báwo la ṣe máa mọ̀ bí wọ́n bá ń rẹ́ wa jẹ?

Ọkọ̀ tó máa wà lára ìdáhùn wà ní ọgbà ìtúnkọ̀ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n ti dá Observation Island dúró ní 1972, ó sì ti wà láìníṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 1977 ni wọ́n gbà á padà láti sọ ọ́ di ọkọ̀ ìṣọ́, 1981 ni iṣẹ́ náà sì parí. Ohun tí wọ́n gbé sẹ́yìn rẹ̀ ni rédà tí wọ́n ń pè ní Cobra Judy, tí ilé iṣẹ́ Raytheon ṣe. Ilé irin tó ń yí po ni, ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 250, ojú rẹ̀ ní igun mẹ́jọ, ó sì fẹ̀ tó mítà méje. Lójú náà ni wọ́n to ẹ̀rọ kéékèèké 12,288 sí, tí gbogbo wọn ń fọhùn pọ̀. Àwo rédà ti àtijọ́ ní láti yíjú sí ohun tó bá fẹ́ wò. Èyí ò nílò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yí ilé irin náà sí apá tó yẹ, iná mànàmáná ló ń darí ìtànṣán rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn kí ojú tó ṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi lè máa tọpa ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1985, wọ́n fi rédà kejì kún un, oníàwo, tí ìríran rẹ̀ mú ju ti àkọ́kọ́ lọ: èyí àkọ́kọ́ á wá nǹkan rí, èkejì á wò ó fínnífínní.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ rèé. Mísáìlì Soviet gbéra láti ibùdó Plesetsk tàbí Tyuratam, ó sì forí lé pápá ìdánwò Kura ní Kamchatka, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 6,000 tí kì í gbà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Amẹ́ríkà ní rédà ńlá kan lórí erékùṣù Shemya ní ìparí Alaska, Cobra Dane, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló dúró lé, ayé sì rí roboto. Bí mísáìlì bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tó ń lọ, ó ti wọ ẹ̀yìn ìtẹ̀kọ́rọ́ ayé, Shemya kò rí i mọ́. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ohun tí àdéhùn ń béèrè ń ṣẹlẹ̀. Lókè pátápátá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, orí mísáìlì ń ṣí, ó ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí olóró wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi tan ojú jẹ wà níbẹ̀, àfọ́kù irin náà ń bá wọn rìn, gbogbo wọn ń sáré ju kìlómítà márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ti kan afẹ́fẹ́, èyí tó fúyẹ́ á lọ́ra, á jóná. Èyí tó wúwo á máa bọ̀ tààrà. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ yẹn ti mọ iye orí olóró, ó sì lè fojú díwọ̀n bí wọ́n ṣe wúwo tó. Observation Island á ti lọ dúró síbi tó yẹ lórí agbami ṣáájú, á sì wò ó. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ kì í ṣe sójà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tukọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi ni wọ́n, èso iṣẹ́ náà sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú. Pearl Harbor ní Hawaii ni ilé rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọ̀sẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ lórí òkun tó tutù nini, nítorí ohun tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, tó tún ṣeé ṣe kó má wáyé rárá bí àwọn tó fẹ́ dán an wò bá yí ọkàn padà.

Àwọn kan á sọ pé orúkọ tó yẹ ká pe ọkọ̀ yìí ni ọkọ̀ amí, pé mo kàn ń fi aṣọ àlàáfíà bò ó ni. Mi ò jiyàn pé amí ni. Ìbéèrè tèmi ni irú amí tó jẹ́. Inú òkun gbogbo ayé ló dúró sí, níbi tí òfin fún gbogbo ọkọ̀ láyè láti dé, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí afọ́jú nìkan ni kò ní rí i, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Soviet náà ní tirẹ̀. Láti 1959 ni wọ́n ti sọ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bíi Sibir àti Sakhalin di olùṣọ́ mísáìlì ní Pàsífíìkì, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, wọ́n kan Marshal Nedelin àti Marshal Krylov. Ṣáínà kan Yuan Wang tirẹ̀, ó sì lò wọ́n ní oṣù Karùn-ún 1980 nígbà tó ta mísáìlì lọ sí gúúsù Pàsífíìkì. Ohun tí gbogbo wọn ń ṣe lójú ara wọn kò jọ ohun tí olè ń ṣe.

A ò sì lè sọ pé wíwo ilé ẹlòmíràn kì í mú ewu lọ́wọ́. Àríwá Kòríà gba ọkọ̀ Pueblo ní 1968, ọmọ Amẹ́ríkà kan kú, wọ́n sì há àwọn méjìlélọ́gọ́rin yòókù mọ́ fún nǹkan bí ọdún kan. Èyí tó burú jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Kamchatka yìí gan-an. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú Korean Air Lines ṣìnà wọ òfuurufú Soviet, wọ́n yìnbọn lù ú, èèyàn 269 sì kú. Ní òru yẹn, ọkọ̀ òfuurufú amí Amẹ́ríkà kan ti wà nítòsí Kamchatka, ó ń dúró de ìdánwò mísáìlì, àwọn tó ń wo rédà Soviet sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá lo ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn láti dá gbogbo ìṣọ́ lẹ́bi ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn fún mi ni pé bí a ṣe ń ṣọ́ ṣe pàtàkì tó pé à ń ṣọ́. Ọkọ̀ òfuurufú ń sáré lẹ́bàá ààlà lóru, àṣìṣe ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń rọra lọ lórí agbami, tí ẹnikẹ́ni lè lọ yí ká wò, kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú fún ọkọ̀ èrò tó ṣìnà.

Èyí tó nira jù lọ láti dáhùn ni èyí: rédà tó ń ka orí olóró fún àdéhùn, òun náà ló ń kọ́ àwọn tó ń ṣe ohun ìjà bí wọ́n ṣe máa já mísáìlì ọ̀tá lulẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí Observation Island rí nípa bí orí olóró Soviet ṣe ń rìn wúlò fún ẹni tó ń ṣe ìdábòbò, ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ pàápàá, ó bá wọn ṣe ìdánwò ohun ìjà tó ń já mísáìlì. Ní 2002, Amẹ́ríkà jáde kúrò nínú àdéhùn tó de irú ìdábòbò bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fọ ọwọ́ ọkọ̀ náà mọ́ nínú èyí, kò sì yẹ kí n gbìyànjú. Síbẹ̀, ẹ wo àríyànjiyàn SS-25. Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní 1983. Àdéhùn 1979 gba irú mísáìlì tuntun kan ṣoṣo láyè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Soviet sì ti lo tirẹ̀ fún SS-24. Ìjọba Reagan ní SS-25 jẹ́ irú kejì, nítorí náà wọ́n ti rú àdéhùn. Soviet ní rárá, SS-13 àtijọ́ ni àwọn tún ṣe. Lórí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń jà: ṣé mísáìlì náà tóbi ju ti àtijọ́ lọ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ẹrù tó lè gbé yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Wọn ò rẹ́ ìjà náà parí. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ariwo ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń pariwo ọgọ́rọ̀ọ̀rún mísáìlì tí kò sí níbì kankan. Láàárín ọdún márùnlélógún, ìjà ti kúrò lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó ti dórí ìdá márùn-ún. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni èèyàn lè gbé lọ sórí tábìlì ìpàdé, wọ́n sì gbé e lọ.

Àwọn kan tún ní nígbà tí ìpàdé náà so èso, ọkọ̀ ìṣọ́ kò wúlò mọ́. Àdéhùn 1987 mú kí wọ́n ba mísáìlì 2,692 jẹ́, ó sì jẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò wọ ilẹ̀ ara wọn. Láti 1988, wọ́n ti gbà láti máa sọ fún ara wọn, ó kéré tán ní wákàtí 24 ṣáájú, bí wọ́n bá fẹ́ ta mísáìlì ọlọ́nà jíjìn. Àdéhùn START tí Bush àti Gorbachev fọwọ́ sí ní 1991 tilẹ̀ ní kí wọ́n máa fún ara wọn ní téèpù ìròyìn tí mísáìlì fi ránṣẹ́ nígbà ìdánwò. Kí ni ọkọ̀ tún ń ṣe lórí òkun? Ìdáhùn mi ni pé ẹni tó fún ọ ní téèpù mọ̀ pé o ní ojú tirẹ̀ tí o lè fi yẹ̀ ẹ́ wò; ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí téèpù náà jẹ́ òótọ́. Yàtọ̀ sí èyí, olùyẹ̀wò kì í lọ sílé ẹni tí kò pè é. Ní oṣù Kẹjọ 1998, Àríwá Kòríà ta mísáìlì Taepodong kọjá lórí Japan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí téèpù, kò sí ìfilọ̀, kò sí àdéhùn. Ní òkun tó wà láàárín Kòríà àti Pàsífíìkì, ojú tí èèyàn bá gbé lọ síbẹ̀ nìkan ló lè sọ ohun tó fò.

Observation Island fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2014. Ọdún 1953 ni ìdí rẹ̀ kọ́kọ́ kan omi, kò sì sí ọkọ̀ púpọ̀ lábẹ́ àṣẹ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Howard O. Lorenzen ló rọ́pò rẹ̀. Mississippi ni wọ́n ti kàn án, rédà méjì ló gbé, iṣẹ́ ìṣọ́ ni wọ́n sì ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àlòkù. Ẹni tó ń ṣọ́ ti wá ní ọkọ̀ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣọ́ ti ń tú ká. Àdéhùn 1987 kú ní 2019. Rọ́ṣíà dá ọwọ́ dúró nínú àdéhùn New START ní 2023, ọjọ́ 5, oṣù Kejì, ọdún 2026 sì ni òfin dá fún un láti parí. Rédà kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé; àwọn olórí ló ń fọwọ́ sí i, àwọn náà ló ń fà á ya.

Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn ọkọ̀ ogun, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá dé orí Observation Island, ẹ má parí rẹ̀ sí Polaris àti Kennedy. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ mísáìlì, iye ọdún tó fi ta á kò tó ìdajì ìyẹn. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn ní Moscow àti ní Vienna.